Alùpùpù Tó Ń Dọ̀bálẹ̀

Díákónì Jacob kò bèèrè ohun púpọ̀ lọ́wọ́ ọmọ aráyé. Kí ènìyàn ṣáà kí òun, ó tán. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti sùn nínú Olúwa ló ti máa ń gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ ní ojú ọ̀nà Ṣẹ̀kọ̀nà, níbi tí ilé ti ń tán ní Ẹdẹ tí oko ń bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń kọjá ní ìrọ̀lẹ́ tí kì í kí i. Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ á sọ̀ kalẹ̀. Obìnrin tó ru igi á dúró, á fi orúnkún tẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ ẹrù, á ní ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Àwọn awakọ̀ lọ́rì pàápàá mọ̀ ọ́n, wọ́n á fọn fèrè fún un. Bí ọmọdé bá kọjá láìkí i, Díákónì á pè é padà. Kì í nà án. Á kọ́ ọ bó ṣe yẹ kó ṣe é, á ní kó lọ sẹ́yìn kó tún un rìn wá, tó bá sì ṣe é dáadáa, á bu ẹ̀pà fún un.

Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ni Ọlátúnjí ọmọ Akínwálé sáré kọjá níwájú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, nígbà ọyẹ́ ọdún 1962, tó ku ọ̀sẹ̀ kan péré kí àwọn ènìyàn rẹ̀ wá tọrọ Yẹ́misí, ọmọ kan ṣoṣo tí Díákónì bí.

Iṣẹ́ Ọlátúnjí ni kó máa tún alùpùpù ṣe ní ẹ̀gbẹ́ ibùdó rélùwéè. Ó ní ẹ̀gbọ́n kan tó ń kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀gbọ́n yìí fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí i, àwòrán àwọn ọ̀dọ́kùnrin òyìnbó lórí alùpùpù tí wọ́n ti tú gbogbo ohun tí kò pọn dandan kúrò lára rẹ̀, tí wọ́n fi ń bá ara wọn sáré láti ilé kọfí kan dé òmíràn. Ọlátúnjí lẹ àwòrán náà mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, kò sì sí ọjọ́ tí kì í dúró wò ó. Ó ti ní egungun alùpùpù àtijọ́ kan nílẹ̀, èyí tí àwọn ṣọ́jà òyìnbó lò nígbà ogun Hítílà, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú. Nígbà tí ọkùnrin kan tó ń ra kòkó fi alùpùpù tuntun kọlu igi ní Ṣẹ̀kọ̀nà, tí egungun tirẹ̀ wọ́ ṣùgbọ́n tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yè, Ọlátúnjí lọ bá a sọ̀rọ̀, ó sì gba ẹ́ńjìnnì náà. Òun àti Sàídì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń jó irin, ni wọ́n so tuntun pọ̀ mọ́ àtijọ́.

Wọ́n yọ mọ́dígáàdì. Wọ́n yọ ìjókòó ẹ̀yìn. Wọ́n gé sáléńsà kúrú, wọ́n sì kun táǹkì ní àwọ̀ pupa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ṣe èyí tó fa gbogbo wàhálà: wọ́n sọ ọwọ́ tí a fi ń darí rẹ̀ kalẹ̀ pátápátá, wọ́n sì ti ibi tí a ń gbé ẹsẹ̀ lé lọ sẹ́yìn. Ẹni tó bá gùn ún kò lè jókòó bí ẹni tó jókòó sórí àga. Ó di dandan kó na ara rẹ̀ sórí táǹkì, àyà rẹ̀ nísàlẹ̀, ìdí rẹ̀ lókè, kí afẹ́fẹ́ lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá láìdí i lọ́wọ́.

Sàídì bi í pé níbo ni wọ́n ti máa rí ilé kọfí ní gbogbo agbègbè Ẹdẹ. Ọlátúnjí ní tí àwọn bá ti dé Ṣẹ̀kọ̀nà, àwọn á mu ẹ̀kọ gbígbóná.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé tí à ń sọ yìí, Díákónì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú Ọládòṣù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta obì. Mùsùlùmí ni Ọládòṣù, ilé rẹ̀ ló kọjú sí ti Díákónì, láti kékeré ni wọ́n sì ti ń fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n gbọ́ ariwo kan láti ọ̀nà jíjìn. Wọ́n rò pé lọ́rì ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí nǹkan pupa kan nínú eruku, tí ọkùnrin kan sùn gbalaja lé lórí. Bí ó ṣe kàn wọ́n, ọkùnrin náà gbé ojú sókè. Ojú rẹ̀ àti ojú Díákónì pàdé. Ọlátúnjí ni. Kò dúró. Ó kọjá, eruku rẹ̀ sì wọ inú ife omi tó wà lọ́wọ́ Díákónì.

Àwọn obìnrin tó ń bó ẹ̀gẹ́ ní ojúde dá ọ̀bẹ dúró. Ọládòṣù nu ojú rẹ̀, ó wo ọ̀nà tí alùpùpù náà gbà lọ.

"Jacob," ló wí, "àna rẹ mà ti dọ̀bálẹ̀ kí ọ. Ó kàn ń kánjú ni."

Àwọn obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní òun kò rí irú ìdọ̀bálẹ̀ tó ń sáré báyìí rí, pé bóyá èyí tí wọ́n ń ṣe ní Èkó ni.

Díákónì kò rẹ́rìn-ín. Ó da omi inú ife nù. Ọ̀sẹ̀ kan sí ìgbà náà ló yẹ kí Ọlátúnjí àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá dọ̀bálẹ̀ lórí ẹní nínú pálọ̀ rẹ̀, níwájú ìjọ àti ẹbí, láti tọrọ ọmọ tó dá tọ́ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Lójú tirẹ̀, ọmọkùnrin yìí ti ṣe é sílẹ̀, ó ti ṣe é lójú títì, nínú eruku, pẹ̀lú ariwo, kí àwọn ènìyàn lè rí nǹkan fi rẹ́rìn-ín. Ó tilẹ̀ gbé ojú sókè láti wò ó bóyá ó dun òun. Díákónì mọ̀ pé kò yẹ kí oòrùn wọ̀ bá òun nínú ìbínú. Ó sọ ọ́ fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n oòrùn wọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ó dúró de Akínwálé, baba Ọlátúnjí, lábẹ́ igi ọdán tó wà nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni Akínwálé, òun ló ṣe àwọn àga tí ìjọ ń jókòó lé. Díákónì kí i dáadáa, ó bèèrè ara ilé, ó wá sọ fún un pé kí wọ́n má ṣe ìyọnu wíwá ní Sátidé mọ́, nítorí ọmọ rẹ̀ ti dọ̀bálẹ̀ tó. Akínwálé kọ́kọ́ rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Ó ti ń rẹ́rìn-ín lọ kó tó wo ojú Díákónì dáadáa.

Ó bá Ọlátúnjí nílé, níbi tó ti ń jẹun. Akínwálé kò tilẹ̀ bọ́ agbádá. Ó ní kó fi oúnjẹ náà sílẹ̀. Ó ní gbogbo ọjọ́ ayé òun, òun kò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní Ẹdẹ sọ pé wọn ò kọ́ ọmọ òun nílé. Ọlátúnjí gbèjà ara rẹ̀. Inú ti bí òun náà. Ó ní òun kò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́, pé ọwọ́ òsì ló ń di kílọ́ọ̀ṣì mú, ọwọ́ ọ̀tún ló ń fún ẹ́ńjìnnì ní epo, pé èwo ni òun ì bá fi júwọ́ níbẹ̀. Òun mi orí. Bí wọn kò bá rí i pé òun mi orí, ojú wọn ni kí wọ́n bá wí.

Baba rẹ̀ bi í bóyá bíréèkì kò sí lára rẹ̀ ni.

"Ẹ̀rọ ni, Bàbá," ni Ọlátúnjí wí. "Ẹ̀rọ kò mọ àgbà."

"Ó dáa," ni Akínwálé wí. "Lọ fẹ́ ẹ̀rọ."

Ìgbà yẹn ló tó wọ yàrá lọ bọ́ agbádá rẹ̀.

Yẹ́misí wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì, ní kété tí ilé ìwé tó ti ń kọ́ni jáde. Ẹfun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni, èyí tí kò ṣe rí, Sàídì sì yára fi gíláàsì ìjórin bo ojú, bẹ́ẹ̀ kò sí iná kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Ọlátúnjí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé kílọ́ọ̀ṣì. Ó jẹ́ kó ṣàlàyé tán. Ó rìn yí alùpùpù náà ká, nítorí kò tíì rí i rí. Ọlátúnjí ti sọ fún un pé kó dúró kí òun parí rẹ̀ ná.

"Bùọ̀dá Túnjí," ló wí, "ìjókòó mélòó ló wà lórí nǹkan yìí?"

Ọlátúnjí ní ọ̀kan ni. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe irú rẹ̀ nìyẹn, pé ìjókòó ẹ̀yìn máa ń jẹ́ kó wúwo, pé eré ló wà fún.

"Láti ìgbà òjò lẹ ti ń ṣe é. Ẹ sì mọ̀ nígbà náà pé ẹ fẹ́ fẹ́ mi."

Ọlátúnjí wo ibi tí wọ́n ti yọ ìjókòó ẹ̀yìn. Sàídì yí ojú sí ògiri.

"Túnjí," ni Yẹ́misí wí, kò fi Bùọ̀dá sí i mọ́, "bàbá mi kò jẹun láti àná. Ó ń bínú torí pé o kò dúró. Ìwọ ń bínú torí pé kò mọ̀ nípa ẹ̀rọ. Ẹ̀yin méjèèjì ń fi mí fa okùn láàárín yín, kò sì sẹ́ni tó yíjú wò mí. Gbé e lọ bá a. Kì í ṣe gígùn o. Fi ọwọ́ tì í. Jẹ́ kó fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tó ń ṣe."

Ó jáde. Ó padà wá, ó kí Sàídì pé ẹ kú iṣẹ́, ó sì tún jáde.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gún Ọlátúnjí lára tó fi lọ bẹ baba rẹ̀ pé kó bá òun lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Akínwálé wọ agbádá rẹ̀, ó síwájú. Ọlátúnjí àti Sàídì ń ti alùpùpù náà bọ̀ lẹ́yìn, láti ibùdó rélùwéè la ìlú já, gbogbo ẹni tó sì rí wọn ló ń béèrè bóyá epo ló tán. Nígbà tí wọ́n dé ojúde Díákónì, òógùn ti bo àwọn méjèèjì. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ kí i. Díákónì dá Akínwálé lóhùn, ó dá Sàídì lóhùn, ó ní ṣé àlàáfíà ni bàbá rẹ̀ wà. Kò dá Ọlátúnjí lóhùn.

Akínwálé bẹ̀ ẹ́. Ó bẹ̀ ẹ́ ní orúkọ Ọlọ́run, ó bẹ̀ ẹ́ ní orúkọ ìyá Yẹ́misí tó ti lọ sinmi. Ó ní ọmọdé ló ń ṣe é, pé kó fi ojú baba wò ó, pé bí Bàbá wa tó ń bẹ ní ọ̀run bá ń ka gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ sí wa lọ́rùn, ta ni ì bá dúró. Díákónì fi sùúrù gbọ́ ọ dópin.

"Mo ti dárí jì í," ló wí. "Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti dárí jì í. Ọmọ mi ni mi ò ní fún un."

Ọládòṣù ti rìn dé láti iwájú ilé tirẹ̀, àwọn obìnrin ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ náà ti dìde dúró. Ọlátúnjí wo gbogbo wọn. Ó wo ilẹ̀kùn, ó rí Yẹ́misí nídìí aṣọ ìkélé, ó rò ó pé òun ti ti irin wúwo la ìlú já, ọkùnrin yìí sì tún kọ̀ láti dá òun lóhùn. Ìbínú tó ti ń gbé mì láti ọjọ́ Àìkú bú jáde.

"Bàbá, mi ò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni yòówù kó gun nǹkan yìí, á tẹ̀ ba ni. Kódà kó jẹ́ ẹ̀yin."

Akínwálé di aṣọ rẹ̀ mú lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde. Díákónì dìde lórí àga. Ó ní kí wọ́n tó bí Ọlátúnjí rárá lòun ti ń gun alùpùpù Míṣọ́nnì, òun fi jíṣẹ́ Olúwa dé gbogbo oko tó wà láàárín ibí àti Àrá, nínú òjò, nínú ẹrẹ̀, òun sì jókòó ṣánṣán lórí rẹ̀ bí ọmọ ènìyàn. Òun kò bẹ̀rẹ̀ fún irin rí.

"Gbé e wá," ló wí.

Sàídì wo Ọlátúnjí. Ọlátúnjí wo ilẹ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ pé rárá fún un, wọ́n bá gbé alùpùpù náà dúró, Sàídì di ẹ̀yìn rẹ̀ mú gírígírí. Díákónì ká agbádá sí èjìká, ó gbé ẹsẹ̀ kọjá, ó sì jókòó. Ẹ̀yìn rẹ̀ nà tààrà. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, níbi tí ọwọ́ alùpùpù máa ń wà lára alùpùpù tó mọ̀. Kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú díẹ̀. Kò tíì tó o. Ó tún tẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún bà á, ọwọ́ òsì kò bà á, ó bá fi ara sílẹ̀, ọwọ́ òsì sì bà á, nígbà náà ni àyà rẹ̀ kan táǹkì, fìlà rẹ̀ já bọ́ sílẹ̀, ìdí rẹ̀ sì yọ sókè. Ọlátúnjí ló dúró sí ọ̀gangan iwájú. Orúnkún rẹ̀ ni Díákónì ń wò.

"Jacob," ni Ọládòṣù bẹ̀rẹ̀, kò sì lè parí rẹ̀. Àwọn obìnrin fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀kan kò tètè bò ó, ẹ̀rín rẹ̀ sì ta jáde.

Díákónì fẹ́ dìde. Apá agbádá rẹ̀ ti há mọ́ irin bíréèkì. Ó fà á, kò yọ. Ó tún fà á, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ síta, orí rẹ̀ wà láìdé fìlà lójú gbogbo ayé, ó sì ń tẹ̀ ba níbẹ̀ níwájú ọmọ tí òun lè bí, ní ojúde ilé ara rẹ̀.

Ọlátúnjí rí i. Òun kan náà tó ti ń wá bí yóò ṣe jàre láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ó ti jàre wàyí, kò sì dùn mọ́ ọn. Ìbínú rẹ̀ kò rọlẹ̀. Ó kàn yí ojú padà sí òun fúnra rẹ̀. Ó ṣubú lulẹ̀ gbalaja níwájú táyà, àyà rẹ̀ nílẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ nínú eruku, ó lẹ̀ mọ́lẹ̀ débi pé kò sí bí Díákónì ṣe lè tẹ̀ ba tó tí kò ní wà lókè rẹ̀. Akínwálé ṣí fìlà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Sàídì kò lè fi alùpùpù sílẹ̀, ó tẹ orí ba lẹ́yìn níbẹ̀. Ẹ̀rín tán pátápátá.

Ọládòṣù ló wá yọ apá agbádá náà. Ó yọ ọ́ jẹ́jẹ́. Díákónì sọ̀ kalẹ̀, ó mú fìlà rẹ̀ nílẹ̀, ó gbọn ọ́n, ó dé e. Kò sọ fún Ọlátúnjí pé kó dìde.

"Ní Sátidé," ló wí, "o rí mi?"

"Mo rí yín, sà."

"Kí lo rò nígbà tí o rí mi?"

Akínwálé gbàdúrà nínú ọkàn rẹ̀ pé kí ọmọ náà wá nǹkan dáadáa sọ, kó ní òun fẹ́ yí padà, kó ní òun rò pé òun á wá tọrọ àforíjì lọ́jọ́ kejì.

"Mi ò ro nǹkan kan nípa yín, sà," ni Ọlátúnjí wí látinú eruku. "Ẹ́ńjìnnì náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dún bí mo ṣe fẹ́ kó máa dún ni. Òun ni mò ń gbọ́."

Díákónì dúró lé e lórí.

"Àìbìkítà nìyẹn," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kì í ṣe yẹ̀yẹ́."

"Rárá, sà."

"Àìbìkítà burú, Ọlátúnjí. Má rò pé kò burú." Ohùn rẹ̀ ṣì le, ṣùgbọ́n ó ti pe orúkọ rẹ̀. "Ìwọ lo rọ nǹkan yìí. O mọ ohun tó ń ṣe fún ẹ̀yìn ènìyàn. O mọ̀ pé ẹni tó wà lórí rẹ̀ kò lè kí ènìyàn kankan, o sì gùn ún wọ àárín ènìyàn. Ẹni tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mi ò mọ ohun tí mo lè kọ́ ọ. Ẹni tí kò bìkítà, a lè kọ́ ọ. Láti ilé àkọ́kọ́ lójú ọ̀nà yìí títí dé ilé tó gbẹ̀yìn, ẹsẹ̀ ni wàá máa fi rìn, wàá máa tì í, wàá sì máa kí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe èmi nìkan. Gbogbo wọn."

Ọlátúnjí ní òun gbọ́. Díákónì yíjú sí Akínwálé, ó mí kanlẹ̀, ó ní kí wọ́n máa bọ̀ ní Sátidé bí wọ́n ṣe ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

"Sátidé wo?"

Yẹ́misí ló sọ̀rọ̀. Ó ti jáde láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. Ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí Akínwálé, ó kúnlẹ̀ kí Ọládòṣù, ó kí wọn tán pátápátá kó tó dìde.

Baba rẹ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni.

"Ẹ ti bá ara yín jà, Bàbá, ẹ ti parí rẹ̀, ẹ sì ti dá ọjọ́. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá ìbínú tèmi ti tán."

"Yẹ́misí."

"Kò tíì tán, sà." Ó yíjú sí Akínwálé, ohùn rẹ̀ rọ̀, ojú rẹ̀ kò rọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Kì í ṣe Sátidé yìí. Ẹ máa bọ̀ ní èyí tó tẹ̀lé e. Mo fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ kan bínú."

Díákónì ya ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó rí ìyá ọmọ náà lójú rẹ̀ ní kedere, ó sì pa ẹnu dé. Akínwálé ní ó dára bẹ́ẹ̀, pé èyí tó tẹ̀lé e làwọn máa wá.

Nílẹ̀ níbẹ̀, Ọlátúnjí gbé orí sókè díẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ Díákónì bóyá òun lè dìde.

"Òun ni kí o bi," ni Díákónì wí.

Yẹ́misí wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, pẹ̀lú gbogbo eruku tó wà lára rẹ̀. Ó yí padà, ó sì wọlé.